Ṣọ́ọ̀bù ẹja n'Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n ti kọ́kọ́ bi mí pé ta ló ń gbé nínú táǹkì mi

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sin ẹja sínú gíláàsì nínú pálọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé mo máa kọ nǹkan nípa ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ra ẹja báyìí, iṣẹ́ ni kì í jẹ́, àmọ́ lálẹ́ àná tí mo jókòó síwájú táǹkì tí mò ń wo Balógun àtàwọn tí wọ́n jọ ń gbé, tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láìjà láìta, mo ní rárá, ọ̀rọ̀ yìí ò gbọ́dọ̀ kọjá òní. Balógun ni orúkọ tí Ṣọlá ọmọ mi sọ ẹja Oscar wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti sin Oscar rí mọ ohun tí mò ń sọ, ẹja tó gbọ́n ni, ó máa ń dá èèyàn mọ̀, tó o bá ti wọlé báyìí á wá síwájú gíláàsì á máa jùrù, àmọ́ tó o bá fi ẹja tí ò yẹ sí i lọ́dọ̀, ilẹ̀ lè má mọ́ bá ẹja ọ̀hún.

Ọ̀dọ̀ Mọ́mì kọ́ ni mo ti ra Balógun o (Mọ́mì ni gbogbo wa ń pe ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù tí mò ń kọ nípa ẹ̀ yìí). Ibòmíì ni, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Balógun ò ju ínṣì 2 lọ nígbà yẹn, ó dúdú, ó ní ilà pupa lára bí ẹ̀yinná, ọmọkùnrin tó ń tajà sì ń yìn ín bí ẹni ń yin ìyàwó tuntun. Ó ní kí táǹkì má baà dá páropáro, kí n kó molly 6, goldfish 2 àti angelfish 1 kún un, ẹja ọ̀ṣọ́ ni gbogbo wọn. Mo kó o. Kò bi mí pé báwo ni táǹkì mi ṣe tóbi tó, kò sọ fún mi pé nǹkan tí mò ń wò bí ọmọ ìka yẹn á dàgbà tó sẹ̀ǹtímítà 30, òmíì á tó 35, á sì lè lo ọdún 10 sí 15 lọ́wọ́ ẹni tó bá tọ́jú ẹ̀. Táǹkì gálọ́ọ̀nù 20 ni mo ní, ìyẹn bíi lítà 75. Gbogbo wọn gbà á lọ́jọ́ tí mo kó wọn dé, ó sì rẹwà lójú.

Láàárín oṣù méjì molly ti tán. A ò rí òkú kankan, ńṣe la kàn ń kà wọ́n láàárọ̀ tí iye wọn ń dín, ìyàwó mi tiẹ̀ rò pé Ṣọlá ló ń fi wọ́n ṣeré tí ò fẹ́ jẹ́wọ́, a bá ọmọ wí lórí nǹkan tí ò ṣe, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì máa ń dùn mí. Ó wá kan goldfish, ìrù wọn ń já wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Angelfish ní tiẹ̀ lọ há sí igun lẹ́gbẹ̀ẹ́ fílítà (ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi táǹkì), àwọ̀ ẹ̀ ṣá, kò jáde wá jẹun mọ́ títí tó fi kú. Ọjọ́ yẹn Ṣọlá sunkún débi pé kò fẹnu kan ìkókoré tí ìyá ẹ̀ sè, ọmọ tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti ń rin ewùrà báyìí, òun ló máa kọ́kọ́ gbé àwo ẹ̀ wá. Mo pe àwọn tó tà á fún mi, wọ́n ní kí n máa bọ̀ wá ra òmíì. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé nǹkan kan.

Ará àdúgbò wa kan ló júwe Mọ́mì fún mi. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún ò jìnnà sí ọ̀nà Ìbàdàn gáréèjì, kò ní sáìnbọ́ọ̀dù ńlá, táǹkì bíi 10 ló wà nínú ẹ̀, díẹ̀ níwájú, èyí tó pọ̀ lẹ́yìn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ pé ẹyin ẹja àrọ̀ ni Mọ́mì ń pa di ọmọ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń tà fáwọn olómi ẹja káàkiri Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kí wọ́n tó kúrò nídìí ìyẹn bọ́ sídìí ẹja ọ̀ṣọ́. Mo débẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan, mo kí wọn kú ọjà, mo ní, "Mọ́mì, mo fẹ́ ra ẹja bíi mẹ́ta mẹ́rin tó lè bá Oscar gbé."

Wọn ò dìde. Wọ́n ní, "Jókòó ná, ọmọ mi." Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀. Báwo ni Oscar ẹ ṣe gùn tó? Táǹkì ẹ ńkọ́, ẹsẹ̀ bàtà mélòó ní gígùn, mélòó ní fífẹ̀? Ta ló ń gbé níbẹ̀ báyìí? Omi bóòhóòlù lò ń lò àbí omi ẹ̀rọ ìjọba? Tí wọ́n bá múná lọ títí di ọjọ́ kejì, kí ló ń fẹ́ atẹ́gùn sómi fún wọn? Mi ò lè dáhùn ju méjì lọ. Wọ́n fa tépù yọ nínú dúróà, wọ́n nà án sí mi, wọ́n ní, "Lọ wọ̀n ọ́n wá. Tó o bá dé ilé, ká a sí fídíò fún mi lórí WhatsApp, kí n rí bó ṣe ń rìn." Kí n sòótọ́, inú kọ́kọ́ bí mi, èmi tí mo gbówó dání wá rajà tí wọ́n wá ń lé mi padà sílé. Àmọ́ nígbà tí mo dé títì mo rò ó pé ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n ti tà fún mi láìbi mí ní nǹkan kan, báwo ló ṣe parí?

Mo padà lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mọ́mì ti wo fídíò, wọ́n mú mi lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù níbi tí Oscar tiwọn wà, ẹja tó ti pé ọdún 7 lọ́dọ̀ wọn, ó tóbi bí àwo ìjẹun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ tí n kò lè gbàgbé. Wọ́n ní, "Ṣó o rí Oscar yìí, kì í ṣe ìkà, ẹnu ẹ̀ ló tóbi. Nǹkan tó bá ti lè gba ẹnu ẹ̀ wọlé, oúnjẹ ló kà á sí, kò mọ̀ pé o fowó rà á." Odò Amẹ́sọ́ọ̀nù ní Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, ìdílé kan náà lòun àti epìyà wa, ìdílé táwọn olóyìnbó ń pè ní cichlid. Ẹni tó bá sì ti wo epìyà létí omi rí nígbà tó bá ń ṣọ́ ẹyin tàbí ọmọ ẹ̀, á mọ irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára wọn, wọ́n máa ń pín ilẹ̀ ni, ẹja tó bá wọ ààlà wọn á gbá ìjà.

Nítorí náà nǹkan àkọ́kọ́ téèyàn máa wò lára ẹja tó bá fẹ́ fi sọ́dọ̀ Oscar ni bóyá ó lè wọnú ẹnu ẹ̀. Ẹ má wo ẹnu tó ní lónìí o, ẹnu tó máa ní lọ́dún tó ń bọ̀ ni kẹ́ ẹ wò, torí ní kékeré Oscar lè fi bíi ínṣì 1 gùn sí i lóṣù kan. Ìdí nìyẹn tí molly mi fi bá a gbé fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí mo rò pé wọ́n ti mọwọ́ ara wọn. Wọn ò mọwọ́ ara wọn kankan, ẹnu ẹ̀ ni ò tíì tó. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá wo ìwà. Ẹja tó bá lójora jù á wà nínú ìnira lójoojúmọ́, ẹja tó bá le jù á dojú kọ Oscar fúnra ẹ̀, torí pẹ̀lú gbogbo títóbi ẹ̀, Mọ́mì ní Oscar máa ń bẹ̀rù, tí nǹkan bá dẹ́rù bà á á dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń kú lọ. Nǹkan kẹta ni ibi tí ẹja yẹn ń gbé nínú omi. Oscar fẹ́ràn àárín, ẹ wá ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ tàbí ẹni tó ń sáré kiri tí kì í jókòó síbì kan. Àti àyè. Àyè, àyè, àyè, bíi ìgbà mẹ́wàá ni Mọ́mì pe ọ̀rọ̀ yẹn. Oscar kan ṣoṣo, táǹkì gálọ́ọ̀nù 75 ló yẹ ẹ́, ìyẹn bíi lítà 280. Ẹni tó bá fẹ́ kó àlejò wá bá a, kó máa wo gálọ́ọ̀nù 125 sókè.

Ẹja jewel méjì kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n pọ́n bí ata rodo, tí àmì búlúù wínníwínní wà lára wọn, ojú mi ò kúrò lára wọn. Mo ní kí wọ́n fún mi ní méjèèjì. Mọ́mì kọ̀, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní takọtabo ni, wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀, bí wọ́n bá ti yé ẹyin báyìí, kékeré tí wọ́n kéré yẹn, wọ́n á há gbogbo ẹja tó kù mọ́ igun kan ṣoṣo. Wọ́n ní ṣé mo mọ̀ pé mọ̀lẹ́bí ẹ̀ wà nínú odò wa níbí, èyí tó ní àmì dúdú márùn-ún lára, táwọn ọmọ tó ń lọ pẹja lódò máa ń kó mọ́ epìyà kéékèèké. Mo sì ti rí i rí! Ní kékeré tá a máa ń lọ sódò, a máa ń rí ẹja alámì yẹn, a ò mọ̀ pé ẹja tí àwọn èèyàn ń fowó gọbọi rà lókè òkun lèèyàn ẹ̀. Ẹja convict náà bákan náà, ẹni tó ní táǹkì ńlá lè gbìyànjú ọ̀kan ṣoṣo, takọtabo ni kò dáa. Flowerhorn ní tiẹ̀, ẹja tí wọ́n fi oríṣiríṣi cichlid pọ̀ mọ́ra wọn dá sílẹ̀ ní Malaysia láwọn ọdún 1990 ni, òun nìkan ló yẹ kó máa gbé, Mọ́mì ní táǹkì tí flowerhorn bá wà, ọwọ́ ẹ gan-an tó o kì bọ̀ ọ́ á gbá a mú.

Goldfish? Mọ́mì ò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí ìbéèrè yẹn. Omi tútù ni goldfish fẹ́, Oscar fẹ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi 24 sí 28 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Àwọn tó ń rà á fún Oscar bí oúnjẹ náà ń ṣe é léṣe, torí nǹkan kan wà nínú ẹran ara goldfish tó ń ba fítámì B1 jẹ́, tí Oscar bá ń jẹ ẹ́ lemọ́lemọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn, yàtọ̀ sí kòkòrò tó lè bá a wọlé. Ẹnìkan ní Ìlíṣàn sì lọ fi ọmọ ẹja àrọ̀ sínú táǹkì Oscar, ó ní ọ̀fẹ́ ni òun rí i. Àrọ̀ yẹn dàgbà ju Oscar lọ kíákíá, òru ló máa ń ṣiṣẹ́, nígbà tó fi máa di oṣù bíi mélòó kan, àrọ̀ nìkan ló kù. Ọ̀rọ̀ yìí wúlò fún àwa ará ibí gan-an torí ọmọ àrọ̀ wà káàkiri, kò wọ́n, ó sì máa ń wu èèyàn.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ohun tí wọ́n tà fún mi, lẹ́yìn tí mo ti ṣe táǹkì tuntun. Táǹkì yẹn gan-an, wọn ò tà á fún mi, wọ́n júwe ẹni tó ń gé gíláàsì, mo ní kó ṣe é ní ẹsẹ̀ bàtà 6 ní gígùn, 1 ààbọ̀ ní fífẹ̀, 2 ní gíga. Tó bá kún, omi inú ẹ̀ á tó bíi lítà 500, ìwọ̀n omi nìkan ti di ààbọ̀ tọ́ọ̀nù nìyẹn, ẹ má gbé irú ẹ̀ sórí tábìlì o, wẹ́dà ló jó irin ìdúró ẹ̀ fún mi, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ni mo sì gbé e sí. Mọ́mì ní kí n mú fóòmù tó ti dọ̀tí nínú fílítà táǹkì àtijọ́ bọ inú fílítà tuntun, kí n má fọ̀ ọ́, torí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ẹ̀gbin ẹja ti wà nínú ẹ̀. Láìsí ìyẹn, bíi ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni táǹkì tuntun máa ń lò kó tó lè gba ẹja tó pọ̀. Wọ́n ń yẹ omi wò fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, mo máa ń bu ú sínú ike omi lọ bá wọn, àfìgbà tí amóníà àti nitrite (oró tó ń tinú ẹ̀gbin ẹja wá) di òdo ni wọ́n tó gbà láti tajà fún mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń lọ tí mò ń bọ̀ láì ra ẹja kan. Ẹ sọ fún mi, ọlọ́jà wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílùú yìí?

Silver dollar 6 ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi. Ẹja yẹn rí pẹlẹbẹ, ó rí róbótó bí owó ẹyọ, mọ̀lẹ́bí piranha ni àmọ́ ewé ló ń jẹ, wọ́n máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 15. Torí pé ara wọn ga láti ẹ̀yìn dé ikùn, wọn kì í rọrùn láti gbé mì, wọ́n sì yára bí ọfà. Wọn ò gbọ́dọ̀ dá gbé, ó kéré tán kí wọ́n tó márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé wọ́n máa ń fọkàn Oscar balẹ̀. Mọ́mì ní nínú odò, tí ẹja kéékèèké bá ń jẹ̀ kiri láìbẹ̀rù, ẹja ńlá á mọ̀ pé kò séwu nítòsí, á jáde. Òótọ́ ni o, Balógun tó máa ń sá sẹ́yìn òkúta tí àlejò bá wọlé, láti ìgbà tí silver dollar ti dé, kì í sá mọ́.

Ẹja pleco wá tẹ̀lé e, èyí tó ti tó sẹ̀ǹtímítà 18. Mo fẹ́ kékeré torí owó ẹ̀ fúyẹ́, Mọ́mì ní rárá, pleco ní ẹ̀gún lápá àti lẹ́yìn, tí Oscar bá gbìyànjú láti gbé kékeré mì, á na ẹ̀gún ẹ̀, á há a lọ́fun, àwọn méjèèjì ló máa bá a lọ. Èyí tó ti tóbi, ara ẹ̀ le bí igbá, ìsàlẹ̀ ló ń gbé, òru ló ń rìn. Kẹ́ ẹ ṣáà mọ̀ pé òun náà máa dàgbà o, ó lè tó sẹ̀ǹtímítà 40, ó sì máa ń yàgbẹ́ gan-an. Ẹ má rà á torí pé wọ́n ní ó ń fọ táǹkì, ọwọ́ yín lẹ máa fi fọ táǹkì.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni bichir. Èyí tí wọ́n ń pè ní Senegal bichir, àmọ́ ó wà nínú àwọn odò wa ní Nàìjíríà níbí, ó gùn bí ejò, ó ní ìyẹ́ wẹ́wẹ́ tó tò lẹ́yìn ẹ̀ bí eyín ayùn, ó sì máa ń gòkè wá mí atẹ́gùn bí èèyàn. Ìsàlẹ̀ ló ń gbé, ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa, imú ló fi ń wá oúnjẹ. Ìpẹ́ ara ẹ̀ le. Nǹkan méjì ni Mọ́mì kì mí nílọ̀ lórí ẹ̀: kó ti tó sẹ̀ǹtímítà 20 kó tó bá Balógun pàdé, kí n sì bo táǹkì pinpin, torí àlàfo tó kéré jù lọ ló máa gbà jáde. Àti pé kí n máa rí i dájú pé oúnjẹ dé ìsàlẹ̀, torí Oscar á ti gbé gbogbo ẹ̀ mì kí bichir tó gbóòórùn. Mo máa ń fún un lẹ́yìn tí mo bá paná.

Bí mo ṣe kó wọn wọlé náà, Mọ́mì ló darí ẹ̀ lórí fóònù. Mo kọ́kọ́ kó àlejò sínú táǹkì àtijọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n lè mọ̀ bóyá àìsàn wà lára wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa pàdé, mo yí gbogbo òkúta àti igi inú táǹkì ńlá padà, kí ilẹ̀ má baà jọ ti Balógun mọ́, mo bọ́ ọ yó, mo paná, mo wá rọra tú wọn sílẹ̀ lókùnkùn. Mo jókòó síbẹ̀ di aago 12 òru pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù. Ó lé silver dollar kan yíká lẹ́ẹ̀mejì, ó sú u, ó padà sí ààyè ẹ̀. Ìfọ̀kànbalẹ̀ tó dé bá mi lálẹ́ yẹn, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ibì kan wà tí èmi àti Mọ́mì ò ti fohùn ṣọ̀kan. Wọ́n ní Oscar kejì lè gbé ibẹ̀ tó bá ṣe sáìsì kan náà, mo rà á, ọ̀sẹ̀ kìíní dáa, ní ọ̀sẹ̀ kẹta wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu kọ́ ẹnu, èyí tuntun ò jẹun mọ́, ìyẹ́ ẹ̀ ya, ó ń dúró lókè omi níbi tó ṣókùnkùn. Mo fi fídíò ránṣẹ́. Wọn ò bá mi jiyàn, wọ́n ní kí n gbé e padà wá lọ́jọ́ náà, wọ́n fún mi ní ìdajì owó mi, wọ́n sì fi í sí táǹkì tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ó wù mí kí wọ́n ti sọ fún mi ṣáájú pé orí ló ń ṣe é, pé òmíì á bára wọn gbé òmíì ò ní bára wọn gbé. Mo yọ máàkì díẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó gba ẹja ààyè padà, ẹ bá mi wá ẹlòmíì.

Ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán wọn pátápátá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Ẹ mọ bí Ìjẹ̀bú-Òde ṣe máa ń rí ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ilé kún fún àlejò láti Èkó, láti Ṣágámù, àwọn ọmọdé ń gbá gíláàsì pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, ọ̀kan nínú wọn lọ da ẹran díńdín àti ìrẹsì sínú táǹkì, kò sẹ́ni tó rí i. Iná sì ti lọ láti àárọ̀. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́ omi ti funfun bí omi gàrí, gbogbo ẹja wà lókè tí wọ́n ń yánu, Balógun ń kọ lu silver dollar. Mo pe Mọ́mì, mo mọ̀ pé wọ́n ti wọ aṣọ ẹgbẹ́ wọn, mò ń gbọ́ ìlù lẹ́yìn wọn. Wọ́n gbé e. Wọ́n ní kí n yọ gbogbo oúnjẹ yẹn, kí n pààrọ̀ ìdajì omi, kí n máa fi ike bu omi kí n máa dà á padà látòkè kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́, torí omi gbígbóná kì í lè gba atẹ́gùn púpọ̀, kí n má fún wọn lóúnjẹ fún ọjọ́ méjì. Wọ́n ní táyé bá ti nira nínú omi ni ìjà máa ń bẹ̀rẹ̀, pé ẹja tó ti ń bára wọn gbé ní ìrọ̀rùn á bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn jà tí omi bá bàjẹ́. Èmi àti àbúrò ìyàwó mi ló bu omi yẹn títí di aago 9 alẹ́. Kò kú kankan. Lọ́jọ́ kejì Mọ́mì fi pọ́ọ̀ǹpù oníbátìrì kan ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ní kí n gbà á, tí mo bá rówó kí n wá san án.

Àwọn nǹkan tí ò tẹ́ mi lọ́rùn: ṣọ́ọ̀bù yẹn gbóná, ó há, tí èèyàn mẹ́ta bá wà nínú ẹ̀ ẹni kẹrin á dúró síta. Fílítà wọ́n níbẹ̀ ju bó ṣe wà l'Ékòó lọ, mo ti fi wé e. Wọn kì í ní silver dollar nígbà gbogbo, mo dúró fún oṣù kan kí ti èmi tó dé. POS wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, ẹ mú owó dání tàbí kẹ́ ẹ ní sùúrù pẹ̀lú tíráńsífà. Wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Súńdè. Wọn kì í sì gbé ẹja lọ síta Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tó bá wà ní Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Ìpẹru á wá fúnra ẹ̀, àmọ́ wọ́n máa ń di ẹja dáadáa sínú ọ̀rá méjì, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọ́n á fi ìwé ìròyìn wé e kó lè ṣókùnkùn, ọ̀rẹ́ mi kan gbé angelfish dé Ṣágámù nínú gòsílóò tí nǹkan kan ò ṣe é.

Ẹni tó bá ń wá ẹja torí àwọ̀ ẹ̀ nìkan, tó fẹ́ rà kó sì máa lọ lójú ẹsẹ̀, á rí i pé Mọ́mì ń fi àkókò ẹ̀ ṣòfò. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní Oscar, tàbí ẹja èyíkéyìí tó lágídí, tẹ́ ẹ sì fẹ́ kí nǹkan tẹ́ ẹ bá fi sọ́dọ̀ ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni kẹ́ ẹ lọ. Nínú máàkì 10, mo fún wọn ní 9. Balógun ti tó sẹ̀ǹtímítà 27 báyìí, silver dollar mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà níbẹ̀, bichir ti gùn sí i. Ṣọlá ló ń bọ́ wọn láàárọ̀ kó tó lọ síléèwé, ó sì ń kà wọ́n lójoojúmọ́, kò tíì jáwọ́ nínú ìyẹn.

Ẹ wọn táǹkì yín kẹ́ ẹ tó kúrò nílé o, gígùn, fífẹ̀ àti gíga, kẹ́ ẹ sì ya fídíò ẹja tó wà nínú ẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, tépù ni Mọ́mì máa gbé lé yín lọ́wọ́, ẹ ó sì padà sílé.